Àpá Tí Wọ́n Fi Òrí Pa Rẹ́

Ambrose Ọláìyá kò jẹ́ sájẹ́ńtì rí. Mo fẹ́ kí ìyẹn ti yé òǹkàwé kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí gbogbo Òmù-Àrán ló ń pè é ní Sájẹ́ńtì, òun náà sì ń dáhùn. Láńsì kọ́púrà ló jẹ́ nígbà tó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ lọ́dún 1971, ìyẹn ọdún kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Mo ti rí ìwé rẹ̀, mo sì ti sọ fún àwọn ará àdúgbò wa nígbà púpọ̀ pé àtẹ̀gùn méjì ló kù fún un kó tó débẹ̀. Wọ́n ní kò burú, àwọn á máa gbé e gun àtẹ̀gùn méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ẹni gíga ni, ó sì máa ń na ẹ̀yìn ró gbọọrọ bó bá ń rìn, àní bó bá ru igi ìdáná. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń ṣe. Ó ní ìyàwó kan, Rhoda, ọmọ Ẹ̀sìẹ́, àti ọmọ márùn-ún tí Lucy jẹ́ àkọ́bí wọn. Ohun kan ṣoṣo ló yà á sọ́tọ̀ láàrin àwọn àgbẹ̀ ìlú wa: kì í bọ́ ẹ̀wù. Bí oòrùn bá mú tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ lóko, bọ́tìnnì Ambrose á wà ní dídé títí dé ọrùn, òógùn á sì máa kán létí ẹ̀wù rẹ̀ bí òjò létí òrùlé.

Àlàyé tó ń ṣe fún ènìyàn ni pé ọta ìbọn bà á láyà nígbà ogun, pé ojú ibẹ̀ kò ṣe é wò. Irọ́ ni. Mákúrdí ni wọ́n fi Ambrose sí, sítọ́ọ̀ oúnjẹ àwọn sójà ló sì ń ṣọ́. Lọ́jọ́ kan, àpótí sàdíìnì já láti orí pẹpẹ òkè, ó sì bà á ní àyà òsì. Kò kọbi ara sí i. Ṣùgbọ́n kí oṣù kan tó pé, ọmú òsì rẹ̀ ti wú bí àgbálùmọ̀, kókó líle kan sì wà nínú rẹ̀. Dókítà àwọn ológun ṣàlàyé fún un pé ọkùnrin náà ní ẹran ọmú, bó tilẹ̀ kéré, ó sì lè ṣàìsàn gẹ́gẹ́ bíi ti obìnrin. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ kókó náà àti ẹran tó yí i ká, wọ́n sì rán ojú rẹ̀. Àpá tó kù gùn tó ìka àárín, láti ẹ̀gbẹ́ orí ọmú lọ sí abẹ́ abíyá. Láti ọjọ́ náà, bó bá gbé ọkọ́ kọjá èjìká, nǹkan á fà á nínú bí ìgbà tí wọ́n bá fa okùn ọrùn ewúrẹ́.

Ẹ rò ó wò. Ta ni yóò ti ojú ogun dé tí yóò sọ fún àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọmú ló ń dun òun, àti pé ẹja ló ṣe é?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le ni àáró. Ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n jọ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àáró mọ̀ pé òógùn ni wọ́n fi ń san òógùn: bí mo bá kọ ebè lóko rẹ lónìí, ìwọ á kọ ọ́ lóko mi lọ́jọ́ tó bá kàn mí. Ambrose á kọ ogún ebè, ó pọ̀ jù ọgbọ̀n, á sì lọ jókòó sábẹ́ igi, ọwọ́ rẹ̀ á wà láyà bí ẹni tó ń kọrin orílẹ̀-èdè. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi gbà á mọ́ra. Lọ́dún 1974, lóko Bùkárì, sùúrù Jùbrílù tán. Jùbrílù ni olórí àáró wọn, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí kì í gbàgbé iye ebè tí ẹnikẹ́ni kọ.

“Sájẹ́ńtì,” ó ní, “ọta tí ẹnikẹ́ni kò rí ibi tó gbà wọlé, ṣé ọta ni àbí àlá?”

Bùkárì ní ó lè jẹ́ pé ọta náà ṣì wà nínú lọ́hùn-ún, pé òun àti ẹni tó gbé e ni wọ́n jọ ń sinmi.

Wọ́n ní kó ṣí àyà kí àwọn wò ó. Ó kọ̀. Ni Jùbrílù bá dá a lẹ́jọ́ lójú gbogbo wọn. Kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó rọ̀, kí Ambrose mú ìwé ìjọba wá tó sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ ebè. Bó bá mú un wá, wọ́n á fún un ní iṣẹ́ gbígbin àti gígé igi tí iṣu ń fà sí, wọ́n á sì máa kọ ebè tirẹ̀ fún un bíi ti ẹlòmíràn. Bí kò bá rí i mú wá, kó kúrò nínú àáró. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Ọkùnrin tí apá rẹ̀ kò gbé ọkọ́ sókè kò lè dá kọ ebè tí yóò bọ́ ọmọ márùn-ún.

Ọjọ́ kejì ló wá bá mi, nítorí èmi ni tíṣà tó ń bá àwọn ará àdúgbò kọ lẹ́tà. Ìpínlẹ̀ Kwara ti pé ọdún méje nígbà náà, a kì í lọ sí Kàdúná mọ́ fún irú nǹkan báyìí. Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà kan wà ní Ìlọrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn sójà àtijọ́ tí iṣẹ́ ológun dá àpá sí lára. Mo ní kó jókòó kó sọ bó ṣe rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọta ìbọn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá bi í léèrè ẹ̀gbẹ́ tí ọta náà ti wá, ó ní òsì. Nígbà tí mo tún béèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní iwájú. Mo fi bírò mi lélẹ̀. Mo sọ fún un pé àwọn ológun ní ìwé tiwọn tí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, pé ẹni tó bá parọ́ fún dókítà, ara rẹ̀ ni yóò já a nírọ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀, ó wá sọ ti sàdíìnì fún mi. Mo ya ìwé àkọ́kọ́, mo kọ òmíràn. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ kó tó dára.

Èsì dé nínú oṣù kẹwàá. Wọ́n ní kó wá sí Ìlọrin ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá, kí àwọn dókítà fi ojú rí àpá náà. Mo kà á fún un, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni pé mi ò béèrè ohun tí òun gbọ́.

Ohun tí ọmọ ogun gbọ́ ni pé ọ̀gá fẹ́ yẹ nǹkan wò. Fún ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ ọ pé ohun tí ọ̀gá bá fẹ́ yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ dán: bàtà, bọ́tìnnì, ìdè ìgbànú, títí kan ìsàlẹ̀ abọ́ oúnjẹ. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ kò bá dán, ìyà ni. Rhoda ní ti ẹ̀ gbọ́ pé àwọn èèyàn ńlá fẹ́ wo ara ọkọ òun. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ara ọkọ bá gbẹ, ìyàwó ni wọ́n ń bú. Kò tíì sí obìnrin tí yóò jẹ́ kí àwọn dókítà Ìlọrin rí àyà ọkọ òun pẹ̀lú àpá tó rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì fi ẹnu kò. Wọn kò sọ fún mi.

Rhoda ní àǹtí kan ní Ẹ̀sìẹ́ tí ń jẹ́ Jàrátù. Bí ìkòkò bá jó ọmọ, bí àdá bá gé ènìyàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Òrí tí òun tìkára rẹ̀ po pọ̀ mọ́ àdín ló ń lò, àti ewé kan tí kì í dárúkọ. Ó máa ń sọ pé bí ìjọba bá gba òun láyè nínú ilé tí wọ́n kó àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ sí, òun á pa ilà ojú àwọn ère náà rẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé. Ìjọba kò gbà á láyè, ṣùgbọ́n Ambrose gbà á láyè. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, Rhoda ń fi àtàǹpàkò ra òrí náà mọ́ àpá ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, Jàrátù á wá láti Ẹ̀sìẹ́ kó wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

A wọ ọkọ̀ gba Àjàṣẹ́-Ìpo dé Ìlọrin lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ambrose ti fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ẹ̀wù rẹ̀, bàtà rẹ̀ sì ń dán bí ojú omi. Mo ní ó ṣe dáadáa. Mo wọlé pẹ̀lú rẹ̀ nítorí pé èmi ni mo mú ìwé dání. Dókítà àgbàlagbà kan ló jókòó, ará Èkìtì, àti akọ̀wé rẹ̀ kan tó fi rúlà àti ìwé síwájú. Wọ́n ní kí Ambrose bọ́ ẹ̀wù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo rí àyà ọkùnrin náà. Ó ń dán. Àwòrán fèrèsé hàn nínú rẹ̀.

Dókítà wọ gíláàsì rẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

“Àpá ọ̀hún dà?”

“Ó wà níbẹ̀, sà,” ni Ambrose dáhùn, ó dúró gbagidi, ojú rẹ̀ wo ògiri.

Akọ̀wé sún mọ́ ọn, ó ní òun rí nǹkan lápá ọ̀tún, ilà wẹ́wẹ́ méje, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Dókítà béèrè bóyá àwọn ológun ló ṣe ìyẹn. Ambrose ní rárá, sà, gbẹ́rẹ́ ni, ìyá bàbá òun ló sín in fún òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé kí ejò má bàa bu òun jẹ. Akọ̀wé fa ìlà pa méjèèje.

“Kí lo fi pa àyà rẹ?” ni dókítà béèrè.

“Òrí, sà.”

“Ta ló ní kí o fi òrí pa á?”

“Ẹ ní ẹ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Ó gbọ́dọ̀ dán.”

Dókítà wo akọ̀wé, akọ̀wé wo òkè àjà. Lẹ́yìn náà ni àgbàlagbà náà fi ìka tẹ àyà òsì Ambrose, ó sì rí i pé ẹran ibẹ̀ kò pé, ó jin wọlé díẹ̀. Ó mi orí. Ó ní òun gbà pé wọ́n yọ nǹkan níbẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ń béèrè gígùn àpá àti fífẹ̀ rẹ̀. Òun kò lè fi rúlà wọn ohun tí òun kò rí. Ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún púpọ̀, òun ti rí ẹni tó fi bírò ya àpá sí ara, òun ti rí ẹni tó yá àpá ẹlòmíràn nípa rírán àbúrò rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ẹni tó ní àpá tó sì lọ pa á rẹ́ kó tó wá. Ó wá bi wá bóyá ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo ní yóò dé kó tó ọ̀sẹ̀ méjì.

“Ó dára,” ó ní. “Má ṣe jẹ́ kí òróró kankan kàn ọ́. Kí ọyẹ́ fẹ́ sí ọ lára. Padà wá ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní. Bí àpá bá jáde, a wọ̀n ọ́n. Bí kò bá jáde, mo ti ìwé rẹ pa.”

Mi ò bá Ambrose sọ̀rọ̀ títí a fi dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Níbẹ̀ ni mo ti sọ èyí tó tó ti gbogbo ọ̀nà.

Ọdún yẹn, ọyẹ́ mú. Ètè ń bẹ́, ilẹ̀kùn ń súnkì. Gbogbo ayé ń pa òrí, àfi Ambrose. Rhoda kó gbogbo òrí ilé rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ìgò àdín pẹ̀lú, nítorí ó ní ọwọ́ òun lè ṣe é láìjẹ́ pé òun mọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ara Ambrose ti funfun bí ẹni tó bọ́ sínú àpò ẹlùbọ́. Ó ń ha ara mọ́ férémù ilẹ̀kùn bí màlúù. Nígbà tó kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn awọ orúnkún rẹ̀ dé ẹ̀yìn, ibi tí mo jókòó sí.

Rhoda ni mo káàánú jù. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń wo ọkọ rẹ̀, wọ́n á sì wo òun náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìyá kan tí ń jẹ́ Janet fa Rhoda sí ẹ̀gbẹ́, ó sì gbé igbá òrí kan fún un lábẹ́ ìborùn. Ó ní kó má dúpẹ́, pé ìṣòro ń bá gbogbo ènìyàn. Rhoda kò lè ṣàlàyé, nítorí pé yóò kan ọ̀rọ̀ ọmú. Ó gba òrí náà, ó dúpẹ́, ó sì gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Títí oṣù kejìlá fi parí, igbá mẹ́rin ni wọ́n fún un. Ìyàwó tèmi ní òun kò tíì rí ilé tíṣà tó ní òrí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹni tí inú bí ni Jàrátù. Wọ́n ti sọ fún un pé àpá náà gbọ́dọ̀ padà. Ó jókòó sórí àpótí kan ní àgbàlá Ambrose, ó ní kó ṣí àyà.

“Màmá, ẹ bá wa gbàdúrà kó jáde,” ni Ambrose bẹ̀ ẹ́.

“Èmi? Àpá tí mo bá pa kì í jí.”

“Màmá, oko mi ló wà nínú rẹ̀.”

“Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jáde, kí ni kí n sọ fún àwọn ará Ẹ̀sìẹ́?”

Láti ọjọ́ náà, ó ń wá ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Á fẹ́ kó jáde nítorí Rhoda, á sì fẹ́ kó má jáde nítorí orúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì mọ èyí tí yóò ṣe. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí dókítà dá, èmi, Rhoda àti òun dúró níwájú Ambrose nínú oòrùn òwúrọ̀. Gbogbo awọ àyà rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́, ó funfun. Ní apá òsì, láti ẹ̀gbẹ́ orí ọmú lọ sí abẹ́ abíyá, ilà kan wà tí kò sán, ó tẹ́jú, ó ń dán, ó gùn tó ìka àárín.

Rhoda bú sẹ́kún ayọ̀. Jàrátù yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ọyẹ́ ló ṣe é,” ó ní. “Ẹ má sọ pé òrí mi ní àléébù.”

Ní Ìlọrin, dókítà gbé rúlà fúnra rẹ̀. Ó pe gígùn, ó pe fífẹ̀, akọ̀wé kọ ọ́. Ó ní kí Ambrose gbé apá sókè, ó rí ibi tí ojú rẹ̀ ti yí padà nítorí ìrora, ó ní kí akọ̀wé kọ ìyẹn náà. Ó wá ní kó wọ ẹ̀wù, kó sì lọ fi nǹkan para kí ó tó fọ́. A kò tíì dé gbàgede tí Ambrose fi fa ewé kan yọ lápò ṣòkòtò. Rhoda ló di òrí sínú rẹ̀ fún un. Orí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ìjọba ló dúró sí tó fi para, ojú, ọrùn, apá, àyà, ó ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tó mu omi lẹ́yìn àwẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀ kí àwọn akọ̀wé obìnrin má bàa rí i.

Ìwé dé nínú oṣù kẹta, owó díẹ̀ sì ń bá a bọ̀ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ìwé ni Ambrose gbá mọ́ra. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀. Àáró pàdé lóko Jùbrílù, lábẹ́ igi igbá, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí kí n wá kà á, nítorí èdè òyìnbó ni. Lójú ọ̀nà, Ambrose fà mí lẹ́wù. Ó ní Tíṣà, kí n jọ̀wọ́ fo ìlà kẹrin, ibi tí wọ́n ti kọ ohun tó fa á. Mo ní ìwé tí a bá fo ìlà nínú rẹ̀ ti di ìwé yíya.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo ń túmọ̀. Mo ka orúkọ rẹ̀, mo ka ipò rẹ̀.

“Kí ni wọ́n pè é?” ni Bùkárì béèrè. “Kì í ṣe sájẹ́ńtì?”

Mo ní mo ti ń sọ ọ́ fún wọn láti ọdún mẹ́rin. Mo ka ìlà kejì, pé kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo kọjá èjìká. Jùbrílù mi orí. Mo ka ìkẹta, gígùn àpá. Bí mo ṣe mí kí n tó ka ìkẹrin, Ambrose dìde.

“Ẹ dúró ná, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ìyẹn.”

Ó ṣí bọ́tìnnì ọrùn. Ó ṣí èkejì. Ó bọ́ ẹ̀wù náà pátápátá, ó fi í kọ́ ẹ̀ka igi igbá.

“Kò sí ọta ìbọn,” ó ní. “Sítọ́ọ̀ ni mo ń ṣọ́. Àpótí sàdíìnì ló já lù mí. Ọmú mi wú, wọ́n là á, wọ́n gé e. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn.”

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn na ọrùn, wọ́n ń wo àyà náà. Oṣù méjì sì ni Rhoda ti fi ń pa òrí fún un láti san gbèsè ọyẹ́, igbá mẹ́rin ti tán. Àyà Ambrose ń dán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Àpá ọ̀hún dà?” ni Jùbrílù béèrè.

Ambrose mú ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e lé apá òsì. Mo rí i bí ọwọ́ Jùbrílù ṣe rì wọlé níbi tó yẹ kí ẹran wà. Ó fa ọwọ́ padà kíá, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ojú sì tì í pé ó nù ún.

“Agolo mélòó ló wà nínú àpótí náà?” ó béèrè.

“Ọgọ́rùn-ún.”

Jùbrílù yíjú sí àwọn yòókù.

“Ọgọ́rùn-ún lu ẹnì kan ṣoṣo, kò sì kú,” ó ní. “Ẹ gbé agbọ̀n irúgbìn iṣu fún Sájẹ́ńtì.”

Nígbà náà ni Bùkárì tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ambrose pẹ̀lú rín in. Mo ní láńsì kọ́púrà ni, wọn kò gbọ́ mi. Wọ́n ti gbé ọkọ́, wọ́n ti bọ́ sí ẹsẹ̀ ebè, òun sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú agbọ̀n, ó ń ki irúgbìn bọlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán nínú oòrùn bíi ti gbogbo wọn. Nígbà tí a ń lọ sílé, ẹ̀wù rẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀ka igi igbá. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì pé ó gbàgbé nǹkan. Kò yíjú padà.